Múdù Wo La Ó Fi Wọn Ọmọ Wa? Àsọyé lórí Ìlànà Ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ìwé Ìjọba

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́: Òkun o! Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀wà lọ́jà Kàbà a máa yẹ ìdí múdù, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà, wò kó tó nawọ́ sówó. Múdù tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, bó ti wù kí wọ́n kó ẹ̀wà jọ sórí rẹ̀ tó, olùrà ló pàdánù. Ẹni tó sì ti ibi tí wọ́n ń lo kóńgò wá gbọ́dọ̀ bèèrè kó tó dúnàádúrà, torí kóńgò àti múdù kì í ṣe ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìjà tí à ń jà lórí ìlànà ẹ̀kọ́ rí. Àwọn kan ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba máa lo òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Àwọn kan ní òṣùwọ̀n Àbújá kò bá abúlé Bùnú mu. Ìhà méjèèjì ló ní òótọ́ tirẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló lè yẹ ìdí múdù yìí wò? Bó bá jẹ́ alábẹ̀wò láti Lọ́kọ́ja nìkan ni, tí ìyá tó ń ta gààrí kò lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bóyá ọmọ òun ti kún ìwọ̀n, n kò rí ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Nǹkan mẹ́ta la ń pè ní ìlànà, a sì ń pò wọ́n mọ́ra. Ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ ni ìkíní. Inú kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù nìyẹn wà, iṣẹ́ NERDC ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí ilé-ìwé ń kọ́ni, tó wà ní Sheda lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Ohun tí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ní ni ìkejì: yàrá, àga, tíṣà, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, gbé ìyẹn lé UBEC, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, lọ́wọ́. Ìkẹta ni ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè fi ẹnu àti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí kíláàsì kan bá parí. Ẹnì kan á dìde ní ìpàdé, á ní ìlànà kò dára torí ilé-ìwé kò ní àga. Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tuntun ti dé. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń sọ, ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn. Ìkẹta yìí, èyí tó kan ọmọ gan-an, ni a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ja irú ìjà yìí kọjá, ó sì yẹ ká wo ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀. Ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn gómìnà wọn àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ pawọ́ pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí wọ́n pè ní Common Core. Ó jáde ní oṣù kẹfà 2010. Ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kàn. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 40 gbà á. Texas, Virginia, Alaska àti Nebraska kọ̀ ọ́. Minnesota mú ti Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ti ìṣirò sílẹ̀.

Ìlànà ọ̀hún fúnra rẹ̀ ṣe kedere, pàápàá apá ìṣirò. Kí kíláàsì kejì tó parí, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ àròpọ̀ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ kan sí ẹlẹ́yọ kan sórí, láìka ìka ọwọ́. Kí ìkẹta tó parí, ó gbọ́dọ̀ mọ ìsọdipúpọ̀ wọn sórí, èyí tí à ń pè ní táìmù-tébù. Ẹ wo irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Bàbá tó ń kọ ebè lè dán an wò láìsọ ọkọ́ kalẹ̀: “Méje lọ́nà mẹ́jọ?” Bí ọmọ bá ní 56 láìwo ìka, ó ti kún ìwọ̀n. Apá ìwé kíkà kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ọmọ kékeré jà pé ìlànà náà ń retí kí ọmọ ọdún márùn-ún máa kàwé ṣáájú àsìkò rẹ̀, mo sì rò pé wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ.

Kí ló wá bà á jẹ́? Owó dá sí i. Ìjọba àpapọ̀ wọn gbé ìdíje kan kalẹ̀ tí owó rẹ̀ jẹ́ 4.35 bílíọ̀nù dọ́là, ìpínlẹ̀ tó bá sì ti gba irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ń gba máàkì nínú rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí àwọn alátakò máa sọ pé Washington ló fẹ́ gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ará ìlú, bẹ́ẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Àmọ́ èyí tó ṣe wọ́n ní jàǹbá jù ni pé ìdánwò ṣíwájú ẹ̀kọ́. Ní New York, wọ́n fi ìdánwò tuntun dán àwọn ọmọ kíláàsì kẹta títí dé ìkẹjọ wò ní 2013, nígbà tí ọ̀pọ̀ tíṣà kò tíì rí ohun èlò tí wọn yóò fi kọ́ wọn gbà tán. Ní 2012, ọmọ 55 nínú 100 ló yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, 65 nínú ìṣirò. Ní 2013, méjèèjì já wálẹ̀ sí 31. Ọmọ kò ya dìndìnrìn láàárín ọdún kan. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Ta ló ṣàlàyé ìyẹn fún òbí tí káàdì ọmọ rẹ̀ dé ilé? Nígbà tó fi máa di 2015, nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún ni òbí wọn kò jẹ́ kí wọ́n jókòó ṣe ìdánwò náà rárá. Indiana ti jáwọ́ nínú ìlànà náà ní 2014, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní ìparí 2015, òfin tuntun dé tó dí ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ láti máa fi owó tàbí àṣẹ ti ìpínlẹ̀ sí ìlànà kankan.

Tíṣà àti ìwé ni kó kọ́kọ́ dé, kí ọdún méjì ó kéré tán kọjá, kí ìdánwò tó tẹ̀ lé e. Wọ́n yí i sódì.

Tiwa ńkọ́? Láti ìgbà tí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀kọ́ ti kọ́kọ́ jáde ní 1977, a ti gba 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì) ní 1982, a gba kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ọlọ́dún mẹ́sàn-án ní 2008, wọ́n tún un ṣe, òmíràn tún ti dé ní 2025 tó fẹ́ dín iye iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ kù: 9 sí 10 ní kíláàsì kìíní sí ìkẹta, 10 sí 12 ní ìkẹrin sí ìkẹfà. Mo fara mọ́ dídín náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mẹ́wàá ṣì pọ̀ fún ọmọ tí kò tíì lè ka orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí a ṣe ń ṣàbẹ̀wò sí i. Alábẹ̀wò á dé, á gba nóòtì ẹ̀kọ́, á wo sukíìmù (ètò ẹ̀kọ́ sáà), á wo réjísítà, á wo déètì, á buwọ́ lù ú. Gbogbo rẹ̀ lè pé pérépéré kí ọmọ kan ṣoṣo má lè kàwé nínú kíláàsì náà. Kwárà tó jẹ́ aládùúgbò wa gba ọ̀nà mìíràn láti 2022: tíṣà ń ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti orí tábúlẹ́ẹ̀tì, bí Ẹdó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2018. Ó ń jẹ́ kí a mọ̀ bóyá tíṣà wá síṣẹ́, ó sì ń ran tíṣà tuntun lọ́wọ́. Àmọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé ọmọ mẹ́tàlá ti ṣìnà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tó kan àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogí jù, ìyẹn òṣùwọ̀n iye tíṣà. Ìlànà orílẹ̀-èdè ní kí tíṣà kan má kọ́ ju ọmọ 35 lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dára. Ẹ wá gba bírò. Ilé-ìwé kan nígboro Kàbà ní ọmọ 420: ẹ pín in sí 35, tíṣà 12 ló yẹ wọ́n, méjì fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ilé-ìwé kejì wà ní abúlé kan, ọmọ 78 ló ní, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Ẹ pín 78 sí 35: ó lé díẹ̀ ní méjì. Tíṣà mẹ́ta, ìlànà ti pé! Bí wọ́n bá ní mẹ́rin, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lè sọ pé ọ̀kan ti ṣẹ́kù, kí ó gbé e lọ sí ìgboro. Bẹ́ẹ̀ kíláàsì mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí kò purọ́. Ìgboro ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí ó yẹ kí a máa bèèrè fún ilé-ìwé kékeré ni kí a ka kíláàsì, kí a má ka orí: tíṣà kan fún kíláàsì méjì, ó kéré tán, pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ìwé tí òun náà ń kọ́ni. Mẹ́rin nìyẹn, kò gbọdọ̀ dín.

Kíkọ́ kíláàsì méjì papọ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀, a kì í sì í kọ́ tíṣà púpọ̀ nípa rẹ̀. Ìkíní àti ìkejì ni kẹ́ ẹ so pọ̀, ìkẹta àti ìkẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín pátákó, kí apá òsì jẹ́ ti kíláàsì kékeré. Iṣẹ́ tí apá kan yóò dá ṣe gbọ́dọ̀ ti wà lójú pátákó kí agogo tó lù, torí bí tíṣà bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ti jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ. Ogún ìṣẹ́jú ni kó lò pẹ̀lú apá kan, kí ó yí padà sí èkejì. Níbi tó ti ń bàjẹ́ ni pé àárẹ̀ á mú tíṣà, á kọ́ àwọn méjèèjì ní ẹ̀kọ́ kíláàsì kékeré, ọmọ ńlá á sì tún ọdún tó kọjá kọ́ láìmọ̀. Fún sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ ìlú, ẹ má bẹ̀rù: ẹ kọ́ méjèèjì ní ti kíláàsì kékeré lọ́dún yìí, ti ńlá lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo wọn á kọ́ ọ tán lọ́dún méjì. Ìwé kíkà àti ìṣirò kò gba irú èyí. Ibi tí agbára ọmọ dé ni kẹ́ ẹ fi pín wọn, ẹ má wo kíláàsì tí réjísítà sọ.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin UBE ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100, ó kéré tán, látinú àpò owó àpapọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìdajì owó iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe wá. Ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé e wá, owó rẹ̀ á jókòó sí Àbújá. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ máa bi aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni pé: owó ìdajì ti ọdún wo la san kẹ́yìn?

Ó wá ku èdè. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti pa ìlànà náà tì, pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́ èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àwọn tí inú wọn dùn sí èyí wà láàárín wa níbí, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ rán wa létí pé wọ́n ti dán èyí wò nílẹ̀ yìí. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí olùkọ́ rẹ̀ dá yàtọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi àríyànjiyàn mínísítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yorùbá ṣì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ nínú kíláàsì, ìdí tí mo sì fi fẹ́ kí a fi í bẹ̀rẹ̀ ìdíwọ̀n kò ju pé ó rọrùn láti mọ ẹni tó ń kà án àti ẹni tó ń díbọ́n. Lẹ́tà 25 ni. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kì í yí ohùn padà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá mọ wọ́n, tó sì lè pa wọ́n pọ̀, lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Ìṣòro tiwa ni pé Yorùbá inú ìwé kọ́ ni ọmọ ń gbọ́ nílé. Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Owórò: kálukú ló ní ohùn tirẹ̀. Bí ọmọ bá wo ọ̀rọ̀ inú ìwé, tó sì pè é bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é, ó ti kà á. Kí ẹni tó ń dán an wò má fi pupa sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má gbàgbé pé ọmọ Ebira, ọmọ Bassa, ọmọ Hausa wà nínú kíláàsì yín ní Kàbà. Ẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì bó bá wù ú, kí ẹ sì kọ èdè tó yàn sílẹ̀.

Bí ẹ óò ṣe ṣe é nìyí, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ mú láti kíláàsì kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Tíṣà kọ́ ni yóò yàn wọ́n. Bí ẹ bá ní kó yàn, àwọn olóye mẹ́wàá ni yóò kó jáde, ta ni yóò sì bá a wí? Ẹ gba réjísítà. Bí ọmọ 40 bá wà níbẹ̀, 40 sí 10 jẹ́ mẹ́rin: ẹ ju ìwé 1 sí 4 sínú fìlà, kí ẹnì kan yọ ọ̀kan. Bó bá yọ 3, ẹ ka ìkẹta, ìkeje, ìkọkànlá, títí dé ìkọkàndínlógójì. Ọmọ tí kò wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú ẹni tó tẹ̀ lé e. Ilé-ìwé tí ọmọ mẹ́rin nínú mẹ́wàá kò bá wá ti ní ìṣòro tó ṣíwájú ìwé kíkà.

Ìwé pélébé kan ní lẹ́tà mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́wàá, ìpínrọ̀ onígbólóhùn mẹ́rin, àti ìtàn onígbólóhùn mẹ́wàá pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí gb wà nínú lẹ́tà, kí ẹ sì fi ẹ àti e síbẹ̀, ọ àti o, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọsẹ̀. Ẹ fi máàkà kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Fọtokọ́pì a máa jẹ àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn, kọ̀ǹpútà mìíràn kò tilẹ̀ ní wọn. “Bàbá gbé ọkọ́ lọ sí oko” á wá di “Baba gbe oko lo si oko,” ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà gan-an á dúró wòye. Ìwé mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni kẹ́ ẹ ní, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, nítorí ọmọ kẹrin á ti gbọ́ ti ọmọ kìíní lójú fèrèsé.

Ẹ mú ọmọ jókòó lọ́tọ̀, abẹ́ máńgòrò náà tó, kí tíṣà rẹ̀ má dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpínrọ̀. Bó bá kà á geere, ẹ fún un ní ìtàn. Bó bá kọsẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀, bí kò bá mọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ sọ̀ sí lẹ́tà. Ẹ má ṣe tún un ṣe fún un, ẹ má ṣe pariwo. Àwọn kan wà tí wọ́n ti há ìwé sórí, ẹ fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà, kí ẹ ní, “Kí ni èyí?” Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ọmọ kan.

Fún ìṣirò, ẹ fi nọ́ńbà hàn án, kí ó pè é ní èdè tó bá wù ú. Yorùbá wa ní kí 45 jẹ́ márùndínláàádọ́ta, kí 55 jẹ́ márùndínlọ́gọ́ta, ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi èyí kọ́ ti ń ṣe àyọkúrò láti ẹnu, kí ẹ má kà á sí òmùgọ̀ torí pé kò ní “fọ́tí-fáìfù.” Lẹ́yìn náà, ẹ kọ 52 yọ 27 fún un. Èsì rẹ̀ yóò sọ ibi tí ó wà: ẹni tó bá kọ 25 mọ̀ ọ́n, ẹni tó kọ 35 ń yọ kékeré kúrò lára ńlá láìwo èyí tó wà lókè, a kò tíì kọ́ ọ ní yíyá, ẹni tó kọ 79 kò mọ àmì àyọkúrò yàtọ̀ sí ti àròpọ̀. Tíṣà tó bá rí 35 lọ́wọ́ ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ti mọ ohun tí yóò kọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì dúró de alábẹ̀wò.

Ìwọ̀n tí mo dá lábàá ni pé ní òpin kíláàsì kejì, kí ọmọ mọ lẹ́tà, kí ó sì ka ọ̀rọ̀. Ní òpin ìkẹta, kí ó ka ìpínrọ̀, kí ó mọ àyọkúrò tó ní yíyá. Ní òpin ìkẹrin, kí ó ka ìtàn, kí ó dáhùn méjì nínú ìbéèrè mẹ́ta, kí ó sì pín nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́ta sí ẹlẹ́yọ kan. Ó kéré sí ohun tí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù béèrè, mo mọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un kéré ni.

Ẹ má fi èsì yìí halẹ̀ mọ́ tíṣà kankan lọ́dún àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ọjọ́ tí ẹ bá fi dá owó oṣù ẹnikẹ́ni dúró, ọjọ́ náà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìdí múdù, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kà á máa “ṣàìsàn” lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ má kọ orúkọ ọmọ. Ẹ̀dà kan fún ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀dà kan fún SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bá ilé-ìwé ṣe àkóso, ẹ̀dà kan fún akọ̀wé ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ̀kẹrin wà lára ògiri níbi tí òbí tó wá sanwó PTA yóò ti rí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta sáà àkọ́kọ́ ni ẹ óò kọ́kọ́ ṣe é, kí ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá sáà kẹta. Sáà kejì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún tíṣà láti ṣiṣẹ́.